Ọkọ̀ Tó Ń Hó Lórí Òkè Afárá

Ìgbà kẹta nìyí tí Pijó Ràṣídátù yóò hó lórí òkè kan náà. Àpò gàrí mọ́kànlá ló rù, obìnrin mẹ́ta ló jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀, aago méje àárọ̀ kò sì tíì lù. Bí wọ́n ti sọdá afárá tán, tí imú ọkọ̀ kọjú sí òkè, ọwọ́ géèjì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọn ò tíì dé ìdajì òkè tí èéfín funfun fi bo gbogbo iwájú.

Ràṣídátù yà sẹ́bàá títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, nítorí ẹni tó bá ṣí i nígbà tó ń hó, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi san owó àìfarabalẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń dúró.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi dé ọjà Ẹ̀jìgbò, àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ti di ẹrù wọn, wọ́n ti lọ. Iye tí a ń ta nǹkan tí a kò fẹ́ gbé padà sílé ni wọ́n ta gàrí náà.

Ayọ̀níkẹ́ ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í sì í gbé ohùn sókè. Nígbà tí Ràṣídátù gbé àwọn obìnrin náà padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, màmá náà ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

"Ìyàwó Jímọ́ọ̀, wá gbọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ, èmi ni mò ń ní kí wọ́n dákẹ́. Ọlọ́kọ̀ bọ́ọ̀sì kan ti wá bá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọkọ̀ tòun kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́, mà."

"Ọjà kan péré ni mo tún lè fi dá wọn dúró. Bó bá tún hó lórí òkè yẹn lọ́jà tó ń bọ̀, má wulẹ̀ wá gbé ẹrù wa mọ́. Kì í ṣe ìjà o."

"Kò ní hó, mà."

"Bí o ṣe sọ lọ́jà tó kọjá náà nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ẹrù àwọn obìnrin wọ̀nyí ni Ràṣídátù ń jẹ. Èrò tó ń gbé lọ sí Ọlá tàbí Isundunrin láàárín ọjà, èrò oríire ni: bí wọ́n bá wá, wọ́n wá. Ṣùgbọ́n àpò mọ́kànlá ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn kì í yẹ̀, ọjà dé, ẹrù dé. Bí bọ́ọ̀sì bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, Pijó á di ilé adìyẹ, òun náà á sì di ẹni tí ń dúró de owó tí Hamid, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bá rí fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Kò tíì dúró de owó ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà nígbà tó tẹ̀lé Jímọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ sí Kódífúà, bí ìdajì Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe. Jímọ́ọ̀ ń wa Pijó wágọ́ọ̀nù, Ràṣídátù ń ta àtíékẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀, ní Àjàmé ní Àbíjàn. Ọdún tí ìjà ìdìbò dé ni wọ́n di gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi wà á bọ̀ wálé, ó sì kọjá orílẹ̀-èdè mẹ́ta láìhó lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Jímọ́ọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn ọkùnrin inú garéèjì fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Jímọ́ọ̀ ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ohun tó fi sílẹ̀ ni Pijó náà àti ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ: "Má bi mẹkáníìkì pé kí ló bàjẹ́. Bi ọkọ̀ pé ibo ló ti ń gbóná."

Láti ibi tí Ayọ̀níkẹ́ ti bá a sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Débọ̀ mẹkáníìkì ló wa ọkọ̀ náà lọ tààrà. Ṣọ́ọ̀bù Débọ̀ wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ogójì ọdún ó lé díẹ̀, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni Pijó yìí fi ń wọlé tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ bẹ́líìtì fáànù, kò gbọ́. Ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù omi. Ó ti yọ tẹmọsítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dáadáa, ó sọ ọ́ nù bí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò ti ń ṣe. Ó ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ọkọ̀ ṣì ń hó. Ràṣídátù kò sì fi bò: gbogbo garéèjì ló ti gbọ́ pé Débọ̀ ló ba ọkọ̀ òun jẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa," Débọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ọkọ̀ yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnnì Tòyótà sí i, tàbí kí ẹ pe àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin."

"Bí ibà bá ń ṣe ìyá rẹ, ṣé ọkàn rẹ̀ lo máa ní kí wọ́n pààrọ̀?"

"Ìyá mi ò ru àpò mọ́kànlá rí, Màmá."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín òní àti ọjà. Mi ò ní pààrọ̀ nǹkankan mọ́ títí mo fi máa mọ ohun tí mò ń pààrọ̀."

"Ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì nìyẹn."

"Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń hó lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan ò ní ṣàì di mẹkáníìkì."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Ràṣídátù ti kírun àsùbáà tán, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ ti tutù mọ́jú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ géèjì fi dé àárín. Ó wá pa á kí fáànù má bàa gé e lọ́wọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ojú rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ti ń wá ibi tí ara ọmọ ti gbóná.

Òkè gbóná. Ẹ̀gbẹ́ òsì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi yára gbọ́wọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n láti àárín lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó tutù bí ìdí àmù. Ó tún un wọ́. Bákan náà ni. Omi gbígbóná kò dé ibẹ̀ rárá. Rédíétọ̀ tó yẹ kó máa fi gbogbo ara mú omi tutù, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ìdá kan yẹn lè tó. Lórí òkè, pẹ̀lú àpò mọ́kànlá, kò lè tó.

Ó wà á lọ bá Débọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Rédíétọ̀ ló dí."

"Màmá, mo ti fọ̀ ọ́. Mo rọ omi sí i lókè, omi jáde nísàlẹ̀, ojú yín ló ṣe."

"Bí mọ́ṣáláṣí bá ní ìlẹ̀kùn mẹ́wàá, tí ẹyọ kan bá ṣí, ṣé èèyàn ò ní máa jáde ni? Wọ́n á jáde. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n máa tán? Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ó di Débọ̀ lọ́wọ́ mú, ó gbé e lé ibi tó gbóná, ó gbé e lé ibi tó tutù. Débọ̀ gbọ́wọ́ kúrò. Ó lọ mú sípánà.

Ọ̀dọ̀ Oyèwọlé ni wọ́n gbé rédíétọ̀ náà lọ. Òun ló ń fi òjé jó rédíétọ̀ nílùú, kò sì sí èyí tí kò tíì ṣí rí. Oyèwọlé tan iná sí i, ó yọ́ òjé etí rẹ̀ yí ká, ó sì ṣí orí rẹ̀ kúrò bí ìdérí ìkòkò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ihò pẹlẹbẹ méjìdínláàádọ́ta ló tò sínú rẹ̀, àwọn tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ohun kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ki bí àtè, ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Oyèwọlé fi ìka họ díẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ra ọwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wá wo ojú obìnrin náà.

"Ìyá Hamid, ta ló ro ẹ̀bà sínú nǹkan yìí?"

Débọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọbẹ̀ wá."

Ràṣídátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rántí.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni, lójú ọ̀nà Isundunrin. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ kan ló yọ lára rédíétọ̀, omi ń jò. Kò sí mẹkáníìkì nítòsí. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko ní kó bu gàrí sí i, pé bí àwọn awakọ̀ ìgbà tàwọn ti ń ṣe nìyẹn, gàrí á lọ dí ojú ihò náà. Ẹrù gàrí wà nínú ọkọ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí i, jíjò náà dá. Inú rẹ̀ dùn dé ilé. Láti ìgbà yẹn, nígbàkígbà tó bá rí i pé omi rédíétọ̀ fà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i kí ó tó rọ omi. Ó tó ìgbà márùn-ún, bóyá mẹ́fà. Kò sọ fún Débọ̀ rí, nítorí kò kà á kún nǹkan.

Òun tó fi ogójì ọdún jẹun lórí ẹ̀gẹ́. Òun tó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé ife gàrí kan, bí omi gbígbóná bá kàn án, abọ́ ló ń kún. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ẹ̀bi á ṣì wà lọ́rùn ẹni tí kò ṣe é.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo bu gàrí sí i. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pariwo kiri garéèjì pé ìwọ lo ba ọkọ̀ mi jẹ́, Débọ̀. Má bínú sí mi."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Débọ̀. Kò tíì sí àgbàlagbà bíi Ràṣídátù tó bẹ̀ ẹ́ rí. Ó họ orí.

"Ó ti tán, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi sọ ọ́ ní garéèjì náà. Ohùn tí ẹ fi bú mi yẹn gan-an ni kí ẹ fi sọ ọ́."

"Dákọ̀," Ràṣídátù gbà fún un ní Faransé tó kó bọ̀ láti Àbíjàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí garéèjì lóòótọ́, ó sì sọ ọ́, níbi tí awakọ̀ mẹ́wàá ó kéré tán ti gbọ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó lọ sílé.

Ọjọ́ méjì ló kù.

Oyèwọlé ní kí àwọn fi òjé pa àwọn ihò tó dí dé, kí omi máa gba ìyókù. Ràṣídátù kọ̀. "Ìyókù ló ń gbà láti oṣù mẹ́jọ, Bàbá Ọmọpẹ́. A ó yọ ọ́ ni." Wọ́n da omi gbígbóná sí i kí ohun tó gan rọ̀. Oyèwọlé gé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di páálí ẹrù sí gígùn rédíétọ̀, ó sì ń tì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dí. Nígbà tí ọwọ́ Oyèwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í yá jù, Ràṣídátù gba irin lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dùsúmọ̀," ó ní. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá lu ihò náà já, iṣẹ́ di méjì."

"Ìyá Hamid, ta ló ń kọ́ ta ní iṣẹ́ níbí?"

"Ẹ sinmi díẹ̀ ni mo wí. Èmi ni mo rò ó, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ìkòkò."

Odindi ọjọ́ kan, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fi ń gba irin lọ́wọ́ ara wọn. Mẹ́rin nínú àwọn ihò náà kò ṣí mọ́, mẹ́rìnlélógójì sì mọ́ tónítóní. Oyèwọlé fi òjé pa ojú abẹ́rẹ́ tó jò níjọ́sí, iṣẹ́ tí ìbá gba ogún ìṣẹ́jú ní ìgbà ọyẹ́. Ó jó orí rédíétọ̀ padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, wọ́n dá a padà sára ọkọ̀. Ràṣídátù ní kí Débọ̀ fi tẹmọsítáàtì sí i.

"Màmá, ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀."

"Àbíjàn náà gbóná. Jímọ́ọ̀ ò yọ ọ́ rí. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ò kàn fi sí i fún ẹ̀ṣọ́."

Débọ̀ wá ọ̀kan rí. Kí wọ́n tó fi sí i, Ràṣídátù gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná, àwọn méjèèjì dúró tì í. Bí omi ti fẹ́ máa hó, ó la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ jáde, ó pa ẹnu dé. Ó dára. Omi òjò ni wọ́n rọ sínú rédíétọ̀, wọ́n pò ó mọ́ omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà nínú kéègì, kì í ṣe omi kànga tó ń mú irin dípẹtà.

"Ẹ wà á lọ sí Ọlá kí ẹ padà, ká wò ó," Débọ̀ sọ.

"Ní òfìfo? Ọkọ̀ òfìfo ò hó rí."

Yanrìn ló rà. Ó ní kí wọ́n di í sí àpò mọ́kànlá, kí wọ́n sì kó wọn sí ibi tí wọ́n máa ń kó gàrí sí gan-an. Ó sọ fún Débọ̀ pé kó wọlé. Wọ́n sọdá afárá náà lọ sí ìhà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí òkè.

Ọwọ́ géèjì dé àárín, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó tún gbéra.

"Màmá."

"Mo rí i."

Ó dúró lórí òkè níbẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Débọ̀ ti gbọ́wọ́ lé orí. Ràṣídátù bọ́ sílẹ̀, ó fi àkísà di rọ́bà omi tó wà lókè mú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ jẹ̀jẹ̀ bí àpò tó ṣófo. Kò sí omi nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni.

"Afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀," ó wí. "Ibi tó tẹ́jú ni a ti rọ omi sí i. Afẹ́fẹ́ ò rọ́nà jáde."

Débọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Tẹmọsítáàtì tí ẹ ní kí n fi sí i yẹn ló dí i lọ́nà."

"Ó tọ́. Imú ọkọ̀ ti wà lókè báyìí, á rí ọ̀nà."

Wọ́n dúró títí ó fi tutù. Ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó ní kí Débọ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jáde ní gbúlù gbúlù bí ẹni tó jẹun yó. Ìgò omi méjì àti ààbọ̀ ló tún gbà kó tó kún. Ó dé e. Ó gun òkè náà tán. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún un gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gùn ún pẹ̀lú àpò yanrìn mọ́kànlá, ọwọ́ géèjì kò sì kúrò lójú kan. Nígbà kẹrin, Débọ̀ ti ń sùn lórí àga.

Ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n tó gbé àpò kan sọ́kọ̀, Ràṣídátù dúró síwájú Ayọ̀níkẹ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà, mà, kí ẹ tó gbé e. Mo ti mọ ohun tó ń mú ọkọ̀ hó. Èmi ni mo fà á." Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀nà Isundunrin dé ọ̀dọ̀ Oyèwọlé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Gàrí ta ni o bù?" Ayọ̀níkẹ́ béèrè.

"Tiyín ni, mà. Àpò tiyín ló máa ń wà lókè."

"Mo mọ̀ pé nǹkan ń bu àpò yẹn jẹ. Ọmọ àbúrò mi ni mo ti ń fura sí. O ó bẹ òun náà."

"Màá bẹ̀ ẹ́, mà."

"Dìde. Ẹ gbé ẹrù."

Ayọ̀níkẹ́ kì í bá wọn lọ sọ́jà mọ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, ó sì jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

"Èwo ni ọwọ́ tí ń sá lọ yẹn?"

"Èyí, mà."

Ayọ̀níkẹ́ gbé ojú lé e láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò wo oko, kò wo èèyàn. Wọ́n sọdá afárá. Òkè bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kérora, ọkọ̀ rọra ń gùn ún. Ọwọ́ géèjì wà lójú kan. Wọ́n dé ìdajì. Wọ́n kọjá ibi tí koríko ti gbẹ látàrí omi gbígbóná tó ti dà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dé orí òkè.

"Ṣé ó ti kú ni?" Ayọ̀níkẹ́ béèrè. "Kò mira."

"Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, mà."

Aago méje kò tíì kọjá nígbà tí wọ́n wọ ọjà Ẹ̀jìgbò. Àwọn oníbàárà Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ni. Ayọ̀níkẹ́ dúró ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wo bí wọ́n ti ń já ẹrù.

"Màá ránṣẹ́ sí oníbọ́ọ̀sì yẹn pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu," ó wí. "Àti pé àwọn ará Ọlá fẹ́ fi gàrí tiwọn kún tiwa. Lọ́jà tó ń bọ̀, àpò mẹ́tàlá ni o máa rù."

"Mọ́kànlá ni, mà," Ràṣídátù dáhùn, ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo omi. "Mọ́kànlá ni mo fi dán an wò. Méjì tó kù, màá padà wá gbé e."